Ẹnìkan fẹ́ ra páànù nọ́ńbà ṣáṣí ìjàpá bàbá mi, kò sì fẹ́ ọkọ̀ náà: ṣé ó tọ́ kí n tà á?

Ọmọ Odógbolú

Mo kí gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí kí n tó ṣe ohun tí n kò ní lè tún ṣe mọ́. Bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, ra Volkswagen ìjàpá kan ní tuntun l'Ékòó lọ́dún 1973, nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ọkọ̀ yẹn ló ń gbé wa lọ síléèwé, òun náà ló sì ń gbé wa lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde bí Ojúde Ọba bá ti dé. Nígbà tí ó kọṣẹ́ pátápátá, ẹ̀yìn ilé wa ní Odógbolú ni wọ́n tì í sí, láti bí ọdún 22 sẹ́yìn, tí òjò ń pa á, tí ewúrẹ́ ń bímọ sábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ ti dógùn-ún débi pé bí ènìyàn bá jókòó sínú rẹ̀, koríko ni yóò máa wò.

Ní oṣù tó kọjá, a fẹ́ mọ ògiri yí ẹ̀yìn ilé ká, ni mo bá gbé àwòrán ọkọ̀ náà sórí Facebook pé kí ẹni tó bá ń ra kóńdémù wá gbé e. Àwọn oníirin dá ₦90,000 lé e. Ní ọjọ́ kejì ni ọkùnrin kan pè mí láti Èkó, ó ní òun yóò san ₦250,000, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ ọkọ̀ náà rárá. Ohun tí ó ń fẹ́ ni páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi rífẹ́ẹ̀tì kàn mọ́ inú búùtù iwájú, níbi tí táyà sípíà ń wà, èyí tí wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣáṣí sí lára, pẹ̀lú gbogbo pátíkúlà ọkọ̀. Ó tilẹ̀ kọ́ mi bí n ó ṣe yọ ọ́: kí n fi dírílì kékeré jẹ orí rífẹ́ẹ̀tì náà díẹ̀díẹ̀, kí n má fi ṣísù yọ ọ́, kí páànù má baà tẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tiwa ni, àwa la jogún rẹ̀; bí a bá ta ìlẹ̀kùn rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mú wa, kí ló wá dé tí a kò lè ta páànù tí kò tó àtẹ́lẹwọ́? Èmi kò rí èsì fún un, síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé òfin fàyè gba irú ọjà yìí? Bí òfin bá sì fàyè gbà á, ṣé ọmọlúwàbí lè tà á?

Àgbà Mẹ́káníìkì, Ṣàgámù

Má tà á.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ dá ẹ̀gbọ́n rẹ lóhùn. Ìlẹ̀kùn, bọ́ńpà, ẹ́ńjìnì, ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni gbogbo wọn, a lè yọ wọ́n lára ọ̀kan fi sára òmíràn, kí ọkọ̀ kejì sì máa jẹ́ orúkọ tirẹ̀ lọ. Páànù yẹn ni orúkọ gan-an. Kò ṣe iṣẹ́ kankan lára ọkọ̀. Bí o bá yọ ọ́ lónìí, ọkọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ yóò ṣì máa ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá san ₦250,000 lé ohun tí kò ṣiṣẹ́ kankan, tí kò sì fẹ́ ọkọ̀ tí ó ń ṣàpèjúwe, ọkọ̀ kan wà níbì kan tí ó ń wá orúkọ fún.

Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ní nǹkan bí ọdún 30 sẹ́yìn, oníbàárà kan gbé Peugeot 504 wá fún mi, ó ní kí n bá òun wo bíréèkì. Inú bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà ti gbó, eruku àti ọ́ìlì ti di ọ̀kan náà níbẹ̀, páànù nọ́ńbà rẹ̀ pàápàá ti ṣú. Ṣùgbọ́n rífẹ́ẹ̀tì tó mú páànù náà ń dán bí owó tuntun. Mo fi ìka ra ara irin tó wà lẹ́bàá rẹ̀, mo rí i pé ó ń họ ni lọ́wọ́, ojú fáìlì ni. N kò bi í ní ìbéèrè kankan. Mo ní kí ó máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ, pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn mi. Kò pé oṣù méjì tí àwọn ọlọ́pàá fi ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń béèrè ẹni tó ti fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Ẹni tó ta páànù yẹn lè jẹ́ irú ìwọ yìí gan-an, ọmọ olọ́mọ tí kò jalè rí.

Kí o tó ṣe ohunkóhun, ṣe iṣẹ́ kékeré kan fún mi. Ìjàpá kì í ní nọ́ńbà ní ibì kan ṣoṣo. Èyí tó wà lára páànù wà níwájú. Èyí tí wọ́n fi irin gbá mọ́ ara ṣáṣí wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, lórí irin gogoro tó gba àárín ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá. Gbé ìjókòó náà sókè, fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, fi ṣọ́ọ̀kì funfun pa á lójú, nọ́ńbà yóò hàn. Wò ó bóyá méjèèjì bá ara wọn mu, kí o sì wá sọ fún wa.

Agbẹjọ́rò Ìjẹ̀bú

Ẹ̀gbọ́n mẹ́káníìkì ti sọ èyí tó pọ̀ jù, èmi yóò kàn fi ti òfin kún un.

Ẹ má jẹ́ kí a wá òfin kan tí yóò sọ ní tààrà pé «ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta páànù ọkọ̀ àtijọ́». Kì í ṣe ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà sọ ní abala 7 pé ẹni tó ṣe ohun kan kí ẹlòmíràn lè rí ẹ̀ṣẹ̀ dá, tàbí tó ràn án lọ́wọ́ láti dá a, yóò jẹ́bi bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló dá a. Abala 419, tí ọmọdé pàápàá mọ orúkọ rẹ̀, dá lórí fífi irọ́ gba ohun ìní olóhun-ìní. Bí wọ́n bá kan páànù bàbá rẹ mọ́ ọkọ̀ tí wọ́n jí, tí wọ́n sì ta ọkọ̀ náà fún aláìmọ̀kan, ohun tí ilé ẹjọ́ yóò kọ́kọ́ bi ọ́ ni ohun tí o mọ̀ tàbí ohun tí o fura sí nígbà tí o ń tà á. Ìwọ náà sì ti kọ ọ́ síbí pé ọkàn rẹ kò balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ tìrẹ gan-an yóò ti bọ inú irọ́ ni pátíkúlà. Kí ìwé ọkọ̀ tó lè kúrò lórúkọ bàbá rẹ bọ́ sí orúkọ ọkùnrin yẹn, ẹnìkan ní láti fọwọ́ sí i pé a ta ọkọ̀ kan, kí ó sì kọ nọ́ńbà ṣáṣí rẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ̀ wo lẹ tà? Ọkọ̀ tí ìwé náà ń sọ yóò ti di irin yíyọ́. Ohun tí o bá fọwọ́ sí nígbà náà, irọ́ ni, kódà bí ẹni tó rà á kò bá jalè. Àkọsílẹ̀ ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá, èyí tí à ń pè ní CMR, kò níṣẹ́ méjì ju pé kí nọ́ńbà kan máa tọ́ka sí ọkọ̀ kan lọ.

Ohun kan ṣì kù tí ẹ̀yin méjèèjì kò tíì mẹ́nu bà. Ọmọ mélòó ni bàbá fi sílẹ̀? Bí ẹ bá jù méjì lọ, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ nìkan kọ́ lẹ ni ọkọ̀ náà, ìbáà jẹ́ kóńdémù.

Olówò-Àtijọ́, Ìpẹ́rù

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, èmi yóò bá yín jiyàn díẹ̀. Èmi náà ń tọ́jú nǹkan ọkọ̀ àtijọ́. Ní pálọ̀ mi, mo ní pátákó nọ́ńbà OG ti ayé àtijọ́ méje, àmì iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì Opel àti ti Morris Minor, àti páànù ṣáṣí méjì tí mo rí ní Owódé Onírin. N kò tíì fi ọ̀kankan nínú wọn sára ọkọ̀ rí. Ìtàn ni wọ́n jẹ́ fún mi, bí aṣọ òkè bàbá bàbá ẹni ṣe jẹ́ fún ẹlòmíràn. Nílẹ̀ òkèèrè, gbangba ni wọ́n ti ń ta páànù tuntun tí kò ní nọ́ńbà, fún ẹni tí páànù ọkọ̀ rẹ̀ ti jẹra, tí ó sì fẹ́ kí ọkọ̀ náà padà rí bí ó ṣe rí nígbà tó jáde ní ilé iṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá béèrè páànù ni olè.

Mo mọ̀ pé ohun mìíràn wà tó ń mú kí wọ́n máa wá a ní ilẹ̀ wa. Òfin ìkówọlé kò gba tòkunbọ̀ tó bá ti dàgbà ju iye ọdún kan lọ. Bí ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ bá rí ìjàpá rere kan ní Kùtọnu, kò lè gbé e wọlé ní ojú ọ̀nà tó tọ́. Páànù àti ìwé ìjàpá tó ti kú níbí ni yóò fi wẹ̀ ẹ́ mọ́. N kò sọ pé ó dára o. Mo kàn ń sọ pé kì í ṣe ibọn ni wọ́n fi gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìmọ̀ràn mi ni kí ó tà á láìfi pátíkúlà kún un, kí ó sì kọ ìwé lé e pé ọkọ̀ náà ti di kóńdémù.

Àgbà Mẹ́káníìkì, Ṣàgámù

Olówò, mo gbọ́ ọ. Ọ̀nà tí a ó fi mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwọ àti ọkùnrin Èkó yẹn kò le. Kí Ọmọ Odógbolú sọ fún un pé òun yóò ta páànù náà, ṣùgbọ́n òun yóò kọ́kọ́ fi dírílì lu ihò mẹ́ta sí àárín nọ́ńbà rẹ̀, òun kò sì ní fi ìwé kún un. Ẹni tó fẹ́ gbé e kọ́ sí ògiri pálọ̀ yóò ní kò burú. Ìwọ fúnra rẹ, ṣé ihò mẹ́ta yóò dí ọ lọ́wọ́?

Ọ̀rọ̀ Kùtọnu tí o sọ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ẹni tó bá fi orúkọ òkú gbé ọkọ̀ wọlé lónìí ni yóò ta á fún ẹlòmíràn lọ́la, ẹni náà ni VIO yóò sì dá dúró ní oríta Ṣàgámù. Àwa Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ló yẹ kí ó kọ́kọ́ sá fún irú òwò yìí. Láyé àwọn òyìnbó, bí wọ́n bá rí ayédèrú owó, orúkọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń fi pè é. Títí di òní, bí bàtà tàbí fóònù kì í bá ṣe ojúlówó, àwọn ọmọ ìgboro yóò ní «Ìjẹ̀bú ni». Ẹ má jẹ́ kí a tún ta páànù fún wọn.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ nílùú Bristol

Ẹ kú àpérò. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwa nìkan, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jà á níhìn-ín.

Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1984 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti mọ̀ọ́mọ̀ yọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, láti pa á rẹ́ tàbí láti yí i padà. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún márùn-ún. Ìdí tí àwọn oníṣẹ́ ayédèrú fi fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ni pé ọdún 1981 ni wọ́n tó fi dandan lé nọ́ńbà oní-lẹ́tà-àti-fígọ̀ 17 níbẹ̀, èyí tí kò gba lẹ́tà I, O àti Q, kí wọ́n má baà ṣì wọ́n mú fún 1 àti 0. Ṣáájú ìgbà náà, bí ó ti wu ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń to nọ́ńbà tiwọn, kò sì rọrùn fún ọlọ́pàá láti mọ èyí tí kò tọ̀nà.

Ní Bìrìtéènì níbí, nígbà tí mo dé, máàkì ni àwọn aláṣẹ ọkọ̀ ń kà fún ọkọ̀ tí wọ́n ti tún kọ́: ṣáṣí ní máàkì 5, sùpẹ́ńṣọ̀n 2, ásù 2, gíà 2, ìdarí ọkọ̀ 2, ẹ́ńjìnì 1. Bí ọkọ̀ kò bá ní tó 8 láti ara ti àtẹ̀yìnwá, kò lè jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q ni wọ́n ń fún un, gbogbo ẹni tó bá sì rí Q yẹn mọ̀ pé ìran rẹ̀ kò dájú. Ẹ wò ó pé páànù kò ní máàkì kankan nínú ìṣirò náà.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti Bentley tí wọ́n ń pè ní Old Number One, tó gba ipò kìíní ní ìdíje Le Mans ní 1929 àti 1930. Wọ́n dúnàá-dúrà rẹ̀ sí mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn, lẹ́yìn náà ẹni tó fẹ́ rà á ní kì í ṣe ojúlówó mọ́, nítorí pé èyí tó kù lára rẹ̀ láti 1929 kò tó nǹkan. Ní 1990, adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ pé ojúlówó ni. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀, ìtàn rẹ̀ kò já níbì kankan, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn láyé tó lè jáde pé òun gan-an lòun ń jẹ́ orúkọ náà. Bí ẹ bá fi èyí wo ti Ọmọ Odógbolú, ẹ ó rí i pé òdìkejì rẹ̀ ni. Tibí, orúkọ ni yóò fò kúrò lára òkú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ó bà lé ara ẹni tí kò bá a tan.

Ọmọ Odógbolú

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Bàbá mẹ́káníìkì, mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe, ó sì ti dá kún ìdààmú mi.

Mo gbé ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ irin àárín náà fún bí ìṣẹ́jú 20 kí ṣọ́ọ̀kì tó gbé nọ́ńbà jáde. Nọ́ńbà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 113, gbogbo rẹ̀ jẹ́ fígọ̀ mẹ́wàá. Mo lọ síwájú, mo fi kẹrosíìnì nu páànù. Tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 115, àwọn tó tẹ̀ lé e kò sì jọ ti àkọ́kọ́ rárá. Mo wá tú àpótí ìwé bàbá mi: 113 ló wà nínú pátíkúlà. Ta ló wá ni 115? Ẹ̀rù ń bà mí láti béèrè bóyá bàbá mi ra ọkọ̀ olè.

Àgbà Mẹ́káníìkì, Ṣàgámù

Fọkàn balẹ̀, bàbá rẹ kò ra ọkọ̀ olè. Nínú nọ́ńbà Volkswagen ti ìgbà yẹn, fígọ̀ kẹta ni ọdún ọkọ̀: 113 jẹ́ ti 1973, 115 jẹ́ ti 1975. Bẹ́ẹ̀, bàbá ra tiwọn ní tuntun ní 1973. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bọ́dì ìjàpá kò di ọ̀kan pẹ̀lú ṣáṣí rẹ̀. Nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀ yíká. Bí èèyàn bá tú nọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn tán, ọkùnrin mẹ́rin lè gbé bọ́dì náà sókè bí ẹni gbé igbá ìkòkò. Láyé ìgbà tí ìjàpá pọ̀ nígboro, bí ọ̀kan bá forí gbá nǹkan tí bọ́dì rẹ̀ sì run, a ó wá òmíràn tí ẹ́ńjìnì tàbí ṣáṣí rẹ̀ ti bàjẹ́, a ó sì gbé bọ́dì rẹ̀ lé ti àkọ́kọ́. Èmi náà ṣe é. Kò sí ẹni tó rántí pé páànù iwájú bá bọ́dì wá. Béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé bóyá ọkọ̀ náà ní ìjàm̀bá nígbà kan.

Agbẹjọ́rò Ìjẹ̀bú

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọkọ̀ tí pátíkúlà bàbá rẹ ń sọ ni 113, èyí tó wà lára ṣáṣí. Páànù 115 jẹ́ orúkọ ọkọ̀ ẹlòmíràn, tí ìwé rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ yín. Ẹni tí kò ní nǹkan kò lè tà á. Fi páànù náà sílẹ̀.

Ọmọ Odógbolú

Mo bi ìyá mi. Wọ́n ní òótọ́ ni, pé ọdún tí wọ́n bí àbúrò mi kẹta, 1984, ni bàbá fi ọkọ̀ náà gbá igi lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù, tí panẹ́ẹ̀bítà kan sì gbà á lọ́wọ́ wọn fún odindi oṣù méjì. Ìyá mi ní àwọ̀ ewé ni ọkọ̀ náà nígbà tí ó lọ, búlúù ló wọ̀ padà wálé.

Mo pe ọkùnrin Èkó yẹn. Mo sọ fún un nípa ihò mẹ́ta, mo sì sọ fún un pé nọ́ńbà tó wà lára páànù kò bá pátíkúlà mu. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní ìyẹn kò ṣe nǹkan kan, kí n ṣáà má lu ihò sí i, kí n fi páànù nìkan ránṣẹ́, òun yóò wá ìwé tó bá a mu fúnra òun. Mo dágbére fún un.

Àwa ọmọ márààrún sọ̀rọ̀ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi kò sì jiyàn mọ́. Láàárọ̀ Sátidé ni àwọn oníirin dé. Kí wọ́n tó gbé e, mo fi dírílì lu páànù náà lójú wọn, mo sì ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgérin wọn gé ibi tí nọ́ńbà 113 wà lára ṣáṣí fún mi. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Mo ti fi epo pa á, ó wà lórí fèrèsé yàrá tí mo ti ń kọ̀wé yìí, pátíkúlà bàbá mi wà lábẹ́ rẹ̀.